Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Fíìmù Amí Wa Hàn ní Ìlíṣàn

Ohùn ara mi ni mo gbọ́ láti inú yàrá ẹlòmíì. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi gbígbóná tí mo da iyọ̀ sí, nítorí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni ẹsẹ̀ mi ti ń wú. Ní ilé tí mò ń gbé ní Ìlíṣàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló háyà yàrá mẹ́rin iwájú. Èmi ń gbé méjì tó kángun sẹ́yìn. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo dijú, mò ń rò ó bóyá kí n se ẹ̀wà ni àbí kí n fi ebi sùn, ni mo bá gbọ́ obìnrin kan tó sọ nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ mi pé, "Amí kì í sunkún. Ata ló kó sí mi lójú."

Ẹ̀rín bú jáde tẹ̀lé e. Wọ́n dá a padà sẹ́yìn, obìnrin náà tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín bá a sọ ọ́ pọ̀.

Kò kọ́kọ́ yé mi. Ohùn ọ̀dọ́bìnrin ni, ó le dáadáa, bí ohùn ẹni tó ń ka Bíbélì níwájú ìjọ. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni ara mi bù máṣọ. Èmi ni. Èmi, ní ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Mo yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi, n kò tilẹ̀ nù ún, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ọmọbìnrin tó ni yàrá náà ló ṣí i. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́, ọmọ tí kì í pariwo ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó orí jọ sídìí fóònù kan.

"Mọ̀mí, ẹ má bínú, mà. Ṣé ariwo wa pọ̀ jù ni?"

"Kí lẹ̀ ń wò?"

"Fíìmù àtijọ́ kan ni, mà. Fíìmù amí. Ẹnì kan ló gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò dáa rárá, mà, ṣùgbọ́n ó dùn."

Ó na fóònù sí mi. Mo rí ara mi nínú rẹ̀: mo dé wíìgì pupa, mo di ìbọn pákó mú, omi ń bọ́ lójú mi. Wọ́n ti dá a dúró síbẹ̀.

"Èmi nìyẹn," mo wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń bá wọn ṣàwàdà. Ọmọbìnrin náà wo fóònù, ó wo ojú mi, ó tún wo fóònù. Ìgbà tó yá, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ gbì.

"Mọ̀mí! Ẹ̀yin ni Ata?"

Orúkọ tí wọ́n ti fún mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fíìmù náà ṣe jẹ́. Onífọ́tò kan wà ní Ṣàgámù nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé tíṣà. Ó ra kámẹ́rà fídíò tó fi ń ya ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe. Ó ti wo fíìmù amí àwọn òyìnbó títí ó fi kó sí i lórí, ó wá pinnu pé Rẹ́mọ náà gbọ́dọ̀ ní amí tirẹ̀. Ó kọ ìtàn kan sínú ìwé ọmọ ilé ìwé: àwọn ọ̀tá láti òkèèrè fẹ́ jí ìwé àṣírí ìjọba, wọ́n fi ìwé náà pamọ́ sísàlẹ̀ agbọ̀n obì kan, agbọ̀n náà wá dàpọ̀ mọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún agbọ̀n mìíràn lọ́jà obì. Télọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fọ́tò ló fi ṣe amí ìjọba, nítorí pé ọkùnrin náà ga, ó sì ní kóòtù tara rẹ̀. Ní tèmi, fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ni mo lọ yà. Onífọ́tò wò mí títí, ó ní ojú mi jọ ojú ẹni tó ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Ó fi mí ṣe amí ọ̀tá, obìnrin tó wá yí padà nígbẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi yà á. Ẹ̀rọ ìlọta ni a fi ṣe ariwo hẹlikópítà. Ìbọn wa, káfíńtà ló gbẹ́ ẹ. Bí a bá fẹ́ yìn ín, ẹnì kan á dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, á fẹ́ ọ̀rá, á fọ́ ọ pàà. Ibì kan wà tí amí ń yọ́ tẹ̀lé ọ̀tá lọ láàárín ilé, ìyá kan tó ń kọjá lọ kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Amí dáhùn pé, "Oo, ẹ ṣé o, mà," kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Onífọ́tò kò gé e kúrò. Ó ní ẹni tí a bá kí gbọ́dọ̀ jẹ́ni lóhùn.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ katikíìsì ní ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìkẹ́nnẹ́. N kò sọ fún un. Ìròyìn ló dé etí rẹ̀, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ń dé wíìgì, ó ń bá àwọn ọkùnrin sáré kiri ọjà obì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tí a ti ń múra láti yàwòrán, mo rí àbúrò mi obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àpótí mi ló gbé wá. Gbogbo aṣọ mi ló wà níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n fi Bíbélì tí mo fi gba ìmúdúró lé e lórí. Mo bi í pé kí ni Bàbá wí. Ó ní Bàbá kò wí nǹkan kan. Ó yára padà lọ, kí ọkọ̀ má baà fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí síwájú kámẹ́rà. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé kí n na ìbọn sí amí, kí n rẹ́rìn-ín ìkà. Mo na ìbọn. Ẹ̀rín kọ̀, ẹkún ló dé. Téèpù kò pọ̀ lọ́wọ́ wa, onífọ́tò kò sì dá kámẹ́rà dúró. Télọ̀ wò mí, ó bi mí ní ohun tí kò sí nínú ìwé: "Kí ló dé tí o fi ń sunkún?" N kò mọ ibi tí mo ti rí èsì. Mo ní, "Amí kì í sunkún. Ata ló kó sí mi lójú."

Odindi ọdún mẹ́ta ni èmi àti bàbá mi fi yan odì. Ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi ló wá kí mi, a kò sì mẹ́nu kan fíìmù náà títí ó fi dolóògbé. Fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń wò ó nílé àwọn èèyàn ní Ṣàgámù, lẹ́yìn náà àwọn téèpù hu, gbogbo rẹ̀ sì parí. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Láti ọjọ́ Sátidé yẹn, ẹnu ọ̀nà mi kò dá mọ́. Àwọn ọmọ náà ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ fíìmù yìí lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju èmi tí mo ṣe é lọ. Wọ́n sọ fún mi pé amí ti ń tiro ní ìran kan kó tó di pé ó fò láti orí òrùlé, níbi tí ìtàn ti ní ó ṣèṣe. Wọ́n ní ewúrẹ́ kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin ní àdúgbò mẹ́rin. Ọ̀dọ́kùnrin onírùngbọ̀n kan wà láàárín wọn tó máa ń bínú bó ṣe ń sọ ọ́. "Mọ̀mí, ẹ má bínú, àwọn tó ṣe fíìmù yẹn fi àkókò ṣòfò ni. Mo ti wò ó nígbà mọ́kànlá." Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì á ní, "Ṣe wọ́n so ẹ́ mọ́lẹ̀ ni?" Ìjà á bẹ̀rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá kí n ṣe wọ́n lálejò ni àbí kí n lé wọn. Nígbà mìíràn, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń díbọ́n pé mo ti sùn.

Wọ́n fẹ́ fi í hàn nínú gbọ̀ngàn kan lọ́sàn-án Sátidé kan tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n wá. Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Wọ́n bẹ̀ mí. Mo ní bí télọ̀ bá lọ, èmi náà á lọ, mo sì rò pé mo ti bọ́ nìyẹn.

"Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n wà, mà?" ni ọmọ nọ́ọ̀sì bi mí.

Mo mọ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń na ọmọ tó bá purọ́. N kò lè purọ́ fún un.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń lọ sí Ìpara lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, tí mò ń bọ́ láti inú ọkọ̀ kan sínú òmíràn, tí mo wá fi ọ̀kadà parí rẹ̀. Mo bá télọ̀, tí mo máa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ojú rẹ̀ kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní Ṣàgámù, tó padà sóko bàbá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi.

Mo ro ẹjọ́ fún un láti òkè délẹ̀. Kò dáwọ́ ẹ̀gẹ́ bíbó dúró.

"Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ó wí.

"Wọ́n fẹ́ràn yín, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Méjèèjì ni."

"Ṣé o rántí pé lẹ́yìn fíìmù yẹn, àwọn olóbì kò bá mi sọ̀rọ̀ gidi mọ́? Mo bá ti yọ, wọ́n á dákẹ́. Wọ́n ní bóyá mò ń ṣe amí fún ọlọ́pàá lóòótọ́. Alhaji kan kó aṣọ Iléyá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi láìrán."

"Mo rántí."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ fẹ́ lọ?"

"N kò fẹ́. Ó ti rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni mo fi ṣàwáwí."

Ó gbójú sókè wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló dá sí i látinú ilé ìdáná. "Ẹ máa lọ o, ẹ jàre. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín ni mo ti ń gbọ́ ìtàn fíìmù yìí. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì náà gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ náà gba mọ́tò, wọ́n lọ gbé e láti Ìpara. Ó wọ kóòtù kan, kì í ṣe ti fíìmù, ó ti fẹ̀ jù fún un. Bí a ṣe wọ gbọ̀ngàn, wọ́n dìde, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn wọ gíláàsì dúdú bíi ti amí. Wọ́n mú wa jókòó níwájú, wọ́n kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù wá, wọ́n fa kọ́tìnì bo fèrèsé, wọ́n sì gbé àwòrán sára ògiri.

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn. Nígbà tí ìyá yẹn kọjá, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," gbogbo gbọ̀ngàn bá amí dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Oo, ẹ ṣé o, mà!" Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́. Ó fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Ìyá eléwé nìyẹn! Ó ti kú tipẹ́."

Lẹ́yìn náà ni ó kan ìran òrùlé. Amí gorí òrùlé ilé ìkóbìsí, ó fò sórí àpò ewé. Onífọ́tò ti lẹ ìfò náà pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ó wù ú. Bí amí ṣe ń balẹ̀, àwọn ọmọ ń pariwo pé, "Lẹ́ẹ̀kan sí i!" ó tún ń fò. "Lẹ́ẹ̀kan sí i!" Àwọn kan ti bọ́ sílẹ̀ lórí àga nítorí ẹ̀rín.

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó fọwọ́ ba ara ògiri jáde. Mo tẹ̀lé e.

Ìdí igi dọngóyárò kan níta ni mo bá a, ó jókòó sórí símẹ́ńtì gọ́tà, ó ń fọwọ́ pa ọrùn ẹsẹ̀ òsì.

"Ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín," ó wí.

"Wọn kò mọ̀ pé ó dá lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀ pé wọn kò mọ̀."

Mo jókòó tì í. Oòrùn mú. Ó na ẹsẹ̀ náà sílẹ̀.

"Tíṣà, fíìmù yẹn kò dáa, àbí?"

Ó ti rẹ̀ mí jù láti wá ọ̀rọ̀ dídùn. "Kò dáa," mo wí.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí onífọ́tò kọ́kọ́ fi í hàn wá nínú ilé fọ́tò rẹ̀. Mo wo ara mi, mo ní ha, ọkùnrin yìí kò lè ṣeré. Ṣùgbọ́n o rántí bí ojú rẹ̀ ṣe ń dán lọ́jọ́ náà. Mo ní ó dáa gan-an. Títí ó fi kú, ohun tí mo ń sọ fún un nìyẹn."

N kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé èmi nìkan ni mo purọ́ fún onífọ́tò pé ó dáa.

"Wọ́n á tó kan ibi ẹkún rẹ," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé o ti sọ ọ̀rọ̀ àpótí yẹn fún wọn?"

"Rárá."

"Má sọ ọ́ o. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á máa wò ó pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó wá síbi òkú. Ta ló fẹ́ ìyẹn?"

A kò tíì sọ̀rọ̀ mìíràn tí a fi gbọ́ ọ láti inú gbọ̀ngàn, bí ìgbà tí ìjọ ń dáhùn àdúrà: "Amí kì í sunkún! Ata ló kó sí mi lójú!" Ẹ̀rín tẹ̀lé e, àtẹ́wọ́ tẹ̀lé ẹ̀rín. Mo rò pé inú á bí mi. Inú kò bí mi. Ó kàn rẹ̀ mí ni, bí ó ṣe máa ń rẹ alábàárù tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ tipẹ́ ṣùgbọ́n tí ọrùn ṣì ń ro ó. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bà mí léjìká lẹ́ẹ̀kan, ó mú un kúrò.

Ọmọ nọ́ọ̀sì jáde wá, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku.

"Bàbá, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹsẹ̀ ló ń ro mí. Ìfò tí ẹ̀ ń wò yẹn ló dá a. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ó ti gbàgbé ìmọ̀ràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi. Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. "A ti rò pé títiro yẹn, ẹ kàn ń fi ṣeré ni, sà. A máa ń... Ha. Ẹ má bínú, sà."

"Dìde. Ìran tí mo ti ń tiro ṣáájú yẹn, lẹ́yìn tí mo ṣèṣe la yà á, onífọ́tò ló fi í síwájú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín. Ẹ kàn jẹ́ kí n jókòó síbi tí atẹ́gùn wà."

Wọ́n gbé àga méjì sẹ́nu ọ̀nà fún wa, ibẹ̀ la ti wo ìyókù. Nígbà tí ó parí, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè béèrè. Onírùngbọ̀n ló kọ́kọ́ dìde, ó le ojú bí adájọ́.

"Bàbá, ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Kí ló dé tí ẹ kò bọ́ gíláàsì dúdú yẹn rí? Ẹ fi wẹ̀. Ẹ fi sùn. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ronú. "Àpólò ló mú mi lójú," ó wí. "Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ojú mi pọ́n bí epo."

Ariwo tó ṣẹlẹ̀ kò kéré. Onírùngbọ̀n jókòó, ó di orí mú, ó ń sọ pé òun ti kọ̀wé gígùn sínú ẹgbẹ́ wọn lórí ìtumọ̀ gíláàsì náà. Ẹ̀gbọ́n náà ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n nínú kóòtù ńlá yẹn. Wọ́n bi èmi náà pé báwo ni mo ṣe rí omijé yẹn sun, àbí ata ni lóòótọ́? Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ata Ṣàgámù," mo wí. "Ó ta ju ata ibòmíì lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo bá wọn sin ín dé Ìpara, nítorí n kò fẹ́ kó dá lọ. Kí a tó kọjá oríta Ṣàgámù ó ti sùn, ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀, nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ náà wà lórí bébà kan lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a débẹ̀. Èmi àti awakọ̀ ni a jí i, tí a fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ jáde sí wa, ó ń fi ìborùn nu ọwọ́.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín," ni Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa?"

Ó dúró lórí àtẹ̀gùn kó lè mí. "Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Wọ́n ní kí n tún wá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ṣé ẹ ó lọ?"

"Fún mi lóúnjẹ ná," ó wí, ó sì wọlé.

Ìyàwó rẹ̀ ní kí èmi náà dúró jẹun. Mo ní rárá, n kò ní lè dìde mọ́ bí mo bá jókòó. Ó di ẹ̀gẹ́ díẹ̀ fún mi nínú ọ̀rá, ó sì sìn mí dé ìdí mọ́tò.